Ọjọ́ Tuntun, Ìwé Tuntun

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára ìyá náà ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó la àyà rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Ìwé láàbù sọ pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ náà, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà, ti di ìlọ́po méjì iye tó yẹ kí wọ́n jẹ́. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wo ìwé yìí, wọ́n mi orí, wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní làwọn yóò jókòó láti gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Bí ìwé-àṣẹ yẹn bá lọ, kò sí ilé ìwòsàn kankan tó tún máa gbà á síṣẹ́.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi dé ibẹ̀. Sájẹ́ńtì ni mí, ọdún méje rèé tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin yìí, torí a ò gbọ́ ọ rí kí ó gbé ohùn sókè, ì báà jẹ́ adigunjalè ló jókòó níwájú rẹ̀. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Inú mi máa ń tètè ru, pàápàá nílé ìwòsàn, níbi tí òórùn oògùn ti máa ń rán mi létí pé èmi náà á dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni ìyá tó pe ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni mátírọ́ọ̀nù tíátà iṣẹ́ abẹ ọkàn nílé ìwòsàn yìí kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Mátírọ́ọ̀nù náà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é di òní. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n là á láyà láti tún ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ṣe, èyí tí kì í pa dé dáadáa mọ́. Ọkàn gba àtúnṣe. Ọgbẹ́ ni kò gbà. Ní ọjọ́ kẹrin ó ń ṣọyún, ní ọjọ́ kẹfà wọ́n tún un là, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n sì tún un rán. Orí ibùsùn ni ìyá wà tó fi kọ̀wé sí ọlọ́pàá. Ó ní nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ ìdọ̀tí ki rọ́bà abẹ́rẹ́, èyí tí oògùn ń gbà wọ iṣan, bọ òun lápá, torí pé òun dá a dúró níṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Kí wọ́n tó là á, ihò kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì dá a lu. Bí ọmọ ogun bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí dókítà tó mú ọ̀bẹ, ọ̀tá ti wọlé nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹjọ́ yìí ti parí, ká wá ibì kan jẹun.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ," ó dá mi lóhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé ọkọ̀ náà ń sùn.

Yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pààrọ̀ aṣọ la ti bá Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo fi ohùn líle bi í bóyá ó fọwọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mo fọ̀ ọ́, sà. Mátírọ́ọ̀nù gan-an ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́."

Ó gbà láìjanpata pé òun ò fẹ́ràn ìyá náà. Ó ní ọmọ òun ló ń ṣàìsàn nígbà tí òun ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìyá ò sì fẹ́ gbọ́. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kíá. Jẹ́jẹ́ ò kọ nǹkan kan. Ó ní kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà tí ọṣẹ ti bó láwọ, ó wá ní kí ó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́rú ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ó ki rọ́bà abẹ́rẹ́ sápá ìyá, ó fún un ní àwọn abẹ́rẹ́ tí tíátà kọ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti ibùsùn lọ. Wọ́n dé tíátà tán, ẹ̀rọ tó máa ń bá aláìsàn ṣe iṣẹ́ ọkàn nígbà tí wọ́n bá dá ọkàn dúró kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n dá ìyá padà. Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n tún gbé e lọ, ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ ti gba tíátà, wọ́n tún dá a padà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó ráyè rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

"Ìwé tí o fọwọ́ sí ńkọ́? Níbo ló wà?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ó bá wọn lọ sí tíátà, mà. Kì í padà wá sí wọ́ọ̀dù."

Bí a ṣe jáde, mo ní obìnrin yìí ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìkórìíra. Ọ̀gá mi ní kí n máa wo ọwọ́ èèyàn kí n tó wo ẹnu rẹ̀, pé ọwọ́ tí kì í fojú kan omi kì í bó báyẹn. Ó ní ẹni tí inú ń bí náà máa ń fọwọ́.

Mátírọ́ọ̀nù ń sùn nígbà tí a dé wọ́ọ̀dù. Jẹ́jẹ́ ní kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bá òun ká apá aṣọ ìyá sókè díẹ̀. Ibi tí rọ́bà abẹ́rẹ́ wà ti jinná, kò wú, kò pọ́n, àmì kékeré kan ló kù níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ bí ara ṣe gbóná sí wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Láti Ọjọ́rú títí di ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ara ìyá ò gbóná rárá.

"Sájẹ́ńtì, tí olè bá gba ojú fèrèsé wọlé, kí la máa ń rí lójú fèrèsé?"

Mo ní ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O rí ojú ẹsẹ̀ kankan níbí?"

Mi ò rí. Inú bí mi díẹ̀, torí ọkàn mi ti wà níbi oúnjẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin tó sanra díẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ rọra ti báàgì kan sábẹ́ àga bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá. Ara mi yá gágá. Mo ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Mo pè é síta, mo ṣí báàgì náà fúnra mi, mo sì bá odidi búrẹ́dì kan nínú rẹ̀.

Ẹkún ni obìnrin náà fi dáhùn. Ó ní òun lòun pa ìyá òun lára. Ó ní ìyá òun kì í jẹ ju bí ẹyẹ lọ, àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ó jẹ búrẹ́dì ńlá kan tán kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì ní kí òun lọ ra òmíràn. Láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ kò fojú ba oorun, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín, ó ń sọ bí bàbá wọn ṣe wá tọrọ òun. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ròkè, bẹ́ẹ̀ kò ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà rí. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni obìnrin yìí ti ń gbé e kiri nínú pé búrẹ́dì òun ló di ọyún láyà ìyá òun.

"Ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Màmá mi? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, mà. Méjì nínú ẹ̀, ìbáwí ni."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí ó nu ojú rẹ̀, pé òun ò tíì gbọ́ pé búrẹ́dì ba ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ló dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo ilẹ̀. Mo mọ ìdúró yẹn. Bó bá ti dúró báyẹn, n kì í sọ̀rọ̀.

Láàbù wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ti hewú, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé pẹ̀lú máíkírósíkóòpù. Jẹ́jẹ́ ò bi í bí ọmọ ogun ṣe pọ̀ tó. Ó bi í pé irú wo ló pọ̀.

Ọkùnrin náà ní ọ̀gá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun ní ìbéèrè yẹn, pé ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé nìkan ni ìgbìmọ̀ kà. Ó wá fa ìyókù ìwé náà jáde. Irú kan ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó máa ń dá ọ̀tá mọ̀, tí wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ẹni tí ara ẹ̀ ò gbóná," Jẹ́jẹ́ ní, "tí ebi ṣáà ń pa, tí ò lè sùn, tí ẹnu ẹ̀ ń yá, tí ṣúgà ẹ̀ lọ sókè, tí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá rí báyìí. Kí ló ṣe é?"

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sítẹ́rọ́ọ̀dù," ó ní. "Kò tún sí nǹkan míì."

Mo ní kí ó sọ ọ́ kó yé ẹni tí ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ogun yìí kì í wà lójú pópó, pé wọ́n máa ń fara ti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, tí wọ́n ń ṣọ́nà. Bí oògùn yẹn bá wọlé, á já wọn kúrò lára ògiri, gbogbo wọn á ya sójú pópó, ẹni tó bá kà wọ́n á rò pé ogun dé. Bẹ́ẹ̀ kò sí ogun, wọn ò sì mọ ọ̀nà ibi ìjà mọ́. Àwọn irú kejì á lọ sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn egungun. Mo mọ irú ọlọ́pàá tó ń sọ. Àgọ́ wa kún fún wọn.

"Ṣé wọ́n fún wọn ní oògùn yẹn lọ́jọ́ Ẹtì?" Jẹ́jẹ́ bi í. "Ṣáájú kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ yìí ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí a fà á, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Ó ti wà lára wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, kì í sì í ṣe díẹ̀."

Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo fẹ́: ẹnì kan ti ń fún ìyá ní oògùn ní kọ̀rọ̀.

"Tàbí lójú gbogbo ayé," ọ̀gá mi ní.

Dókítà tó ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun ló gbà wá lálejò ní tíátà. Olóorun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn, òun náà mọ̀, kò sì dùn ún. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba inú ẹ̀rọ ọkàn kọjá, inú àwọn ọmọ ogun ara máa ń ru, wọ́n á máa lu ara ẹni tó ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń fún aláìsàn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ní ìdájí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ara má bàa gbóná sódì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó sì lágbára. Ó mú ìwé ọjọ́ Ẹtì jáde. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wà níbẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, ó mọ́ kedere.

Jẹ́jẹ́ béèrè ìwé Ọjọ́rú àti ti Ọjọ́bọ̀.

Olóorun rẹ́rìn-ín. "A ò ṣe iṣẹ́ abẹ wọn lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, mà. Kí lẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀ ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi wá a."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kún fún ìwé tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ó wá a títí, ó fa ti Ọjọ́rú yọ: sítẹ́rọ́ọ̀dù, aago mẹ́fà àárọ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló fọwọ́ sí i. Ó fa ti Ọjọ́bọ̀ yọ: sítẹ́rọ́ọ̀dù, aago mẹ́fà àárọ̀, nọ́ọ̀sì mìíràn ló fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu dókítà náà. Ó wá àga jókòó.

Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ṣiṣẹ́ ní ìdájí mẹ́ta. Ìwé mẹ́ta ló wà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó rí ti ẹnì kejì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí, kò sí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Mo ti múra láti mú ẹnì kan, mi ò wá rí ẹni tí mo fẹ́ mú.

Jẹ́jẹ́ bi í bóyá abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn ló ba ọgbẹ́ jẹ́. Olóorun sọ òtítọ́. Ó ní òun ò lè búra, pé ọgbẹ́ àyà máa ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìdí. Ohun tí òun lè fi gbogbo ẹnu sọ ni pé ọmọ ogun tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, oògùn ló kó wọn síta, kì í ṣe ọwọ́ ìdọ̀tí. Bí kòkòrò kankan bá sì wọlé lọ́jọ́ yẹn, kò bá ẹni tó máa jà.

Ọ̀gá mi ti kọjú sí ògiri. Wọ́n fi gíláàsì bo ìwé kan níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún mọ́kànlá: "Ọjọ́ tuntun, ìwé tuntun. Ìwé àná kò gbọdọ̀ padà sí wọ́ọ̀dù." Olóorun ní nígbà kan rí, nọ́ọ̀sì kan wo ìwé àná aláìsàn, ó rò pé wọ́n ti fún un ní oògùn òní, aláìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Látìgbà náà ni òfin yìí ti wà. Mo sún mọ́ ọn kí n lè ka orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ni.

Jẹ́jẹ́ gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún bẹ akọ̀wé tíátà pé kí ó bá òun kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ti dá padà láti ẹnu ọ̀nà tíátà láti ọdún mọ́kànlá, kó sì mú un wá kó tó di aago mẹ́ta.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí a padà dé wọ́ọ̀dù. Mátírọ́ọ̀nù ti jí, wọ́n ti fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ó bi wá bóyá a ti mú ọmọ yẹn. Jẹ́jẹ́ ní ìwé mẹ́ta lòun mú wá, ó sì tẹ́ wọn sórí aṣọ ìbora.

Ìyá wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka ti Ọjọ́rú. "Ó tọ̀nà," ó ní. Ó ka ti Ọjọ́bọ̀. "Ó tọ̀nà." Ó ka ti ọjọ́ Ẹtì. Ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé òun.

"Mo mọ̀ ọ́n lápá," ó ní nígbà tó yá. "Ìdájí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni oògùn tútù wọ apá mi. Oògùn oorun tí wọ́n fún mi ò tíì kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mi ò béèrè. Èmi kọ́ ni mo máa ń sọ fún aláìsàn pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

"Ta ló ṣẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta tó fọwọ́ sí i, mà?"

"Kò sí." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tó fọwọ́ sí ti ara ògiri ni."

Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí màá jágbe mọ́. Àánú ìyá náà ṣe mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Ó ní kí n yá òun ní bírò. Ó kọ ìlà mẹ́rin sí ìgbìmọ̀: ó fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó jẹ̀bi, òfin òun ló jẹ̀bi, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri lónìí. Èmi ni mo gbé e sáré, mo fi ìwé láàbù àti ìwé mẹ́ta náà tì í. Alága ìgbìmọ̀ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún Tẹ́ẹ́rẹ́ pé Mátírọ́ọ̀nù ń pè é.

Ó dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ìyá ò bá a ṣe ẹjọ́ wẹ́wẹ́.

"Mo dá ẹ lẹ́bi ohun tí o ò ṣe. Má bínú."

"Ó ti tán, mà," Tẹ́ẹ́rẹ́ ní. Kò tíì tán, ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Mo rò pé iṣẹ́ parí, mo ti ń ká ìwé mi. Ìyá wá kọjú sí Jẹ́jẹ́.

"Láti ọdún mọ́kànlá yìí, èèyàn mélòó la ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà tíátà?"

Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé báàgì rẹ̀, níbi tí ìwé akọ̀wé tíátà wà. Ó ní kí ara ìyá kọ́kọ́ yá ná, pé ìwé náà kò ní sá lọ.

"Mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógójì, mà."

"Gbé ìwé náà fún Tẹ́ẹ́rẹ́, kó kà á sí mi létí. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì kà á."

Tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìwé náà. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kà á, orúkọ kan lẹ́yìn òmíràn. Bó ṣe dé orí ẹnì kẹrin, ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Olùkọ́ ni," ó ní. "Ọgbẹ́ ẹ̀ ò jinná. Èmi ni mo pa ojú ẹ̀ dé. Mo lé nọ́ọ̀sì méjì lọ nítorí ẹ̀, mo ní ọwọ́ wọn dọ̀tí."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ká ìwé náà díẹ̀, bíi pé ó fẹ́ dá a padà.

"Máa kà á lọ," Mátírọ́ọ̀nù ní.

Tẹ́ẹ́rẹ́ fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó jókòó, ó sì ka ẹnì karùn-ún.